Àpótí Iwájú Abẹ̀bẹ̀

Amos Pennifold kì í ráhùn. Kì í ṣe pé ó jẹ́ ẹni mímọ́ o. Bí gbogbo wa ṣe rí ní Hatchmere, abúlé wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nìyẹn. Bí ilé ẹnì kan bá jó, tí aládùúgbò béèrè pé báwo ni, onílé á ní kò burú púpọ̀, ọgbà ṣì kù. Nígbà tí ayùn gé ọmọ ìka Amos kan, Lettice ìyàwó rẹ̀ bi í pé ṣé ó dùn ún. Ó ní òun ti rí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lettice ní kó má ṣá ti fi ẹ̀jẹ̀ kan aṣọ tábìlì òun.

Pósí ló ń kàn láti kékeré. Nígbà tí ogun Jámánì bẹ́ sílẹ̀, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó wà lẹ́yìn odò gbà á síṣẹ́, torí ẹni tó bá lè kan pósí tó fúyẹ́ tí kò sì jò, ó wúlò fún wọn. Ọkọ̀ ogun tuntun ni wọ́n ń dán wò, apá rẹ̀ méjì-méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé abẹ̀bẹ̀ igi tó ń fà á wà níwájú. Ẹni tó bá yìnbọn síwájú, abẹ̀bẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó, wọ́n ronú, wọ́n ní ó tán: ẹ gbé ayìnbọn síwájú abẹ̀bẹ̀. Ẹ má bi mí ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Amos ni wọ́n ní kó kan àpótí tí ayìnbọn yóò jókòó sí. Ó kàn án, ó sì dára, àmọ́ ó jọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n kàn jù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbé ọkọ̀ náà fò, ayìnbọn kò tíì dé. Kápúténì Rennick, sójà tó ń bójú tó ìdánwò náà, wo Amos láti òkè délẹ̀.

"Pennifold, ìwọ lo kàn án. Wọ inú ẹ̀ jàre."

"Ó dáa, sà."

Nígbà tí wọ́n gbéra, abẹ̀bẹ̀ ń han gooro lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló wà láàárín wọn. Atẹ́gùn fẹ́ aṣọ ọrùn tí Lettice hun fún un sẹ́yìn, abẹ̀bẹ̀ gbà á, ó di òwú. Ó pariwo sí awakọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Awakọ̀ kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń balẹ̀, àpótí ló ṣíwájú, ẹ̀rọ ńlá ń tẹ̀ lé e, Amos sì rí i pé bí ọkọ̀ yìí bá fi imú gúnlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, òun ti di ẹran lílọ̀. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi.

"Báwo ni?" Kápúténì bi í.

"Kò burú, sà."

Inú Kápúténì dùn. Ó ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù pé ibẹ̀ tura.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹni ńlá wá láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ayìnbọn náà dé, Hubert Stride, ọmọ abúlé tó wà lódìkejì òkè wa. Bó ṣe ń wọ inú àpótí, Lettice gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, ó bá ọkọ rẹ̀ tó fara pamọ́ sídìí ògiri. Amos sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Lọ sọ fún ọ̀gá yín."

"Kí n lọ ráhùn? Níwájú àwọn èèyàn Lọ́ńdọ̀nù?"

"Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, òkú lo máa ń kan pósí fún. Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án fún alààyè?"

Amos lọ. Kápúténì ń mu tíì.

"Sà, ọkọ̀ yẹn."

"Kí ló ṣe é?"

Amos nawọ́ sí àpótí náà. "Ó burú, sà."

Láti ìgbà tí Kápúténì ti ń gbé láàárín wa, kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ohunkóhun ní búburú, títí kan òjò tó gbé afárá lọ. Ó ju kọ́ọ̀pù sílẹ̀, ó sáré wọ pápá, ó ń ju ọwọ́ sí awakọ̀ pé kó pa ẹ̀rọ.

Hubert sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bì sẹ́yìn ilé, ó sì padà wá bá Amos.

"Ẹ ṣé, bàbá. Bí mo ṣe rí i báyìí ni mo ti mọ̀ pé mi ò ní bọ̀ láàyè."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

Hubert wo àwọn tó wà lórí àga. "Àwọn èèyàn ti jókòó, bàbá. Mi ò fẹ́ da ètò wọn rú."

Ó yé Amos. Ó di ọmọ ọlọ́mọ mú, ó sunkún, àwọn èèyàn Lọ́ńdọ̀nù sì rọra wo ẹ̀gbẹ́ kan.