Sẹ́ńsọ̀ Tí Ooru Ń Pa

Mo ṣì kéré gan-an nígbà tí bàbá mi ra ọkọ̀ ìjàpá ní Jos níbí. Tíṣà ni wọ́n, ará Èkìtì tí iṣẹ́ ìjọba gbé dé Plateau lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira. Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, à ń múra àtilọ sílé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í dédé gbé ọkọ̀ sọ́nà. Wọ́n á kọ́kọ́ wà á lọ sí Hawan Kibo, níbi tí ọ̀nà ti ń yí kọ́lọkọ̀lọ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Jos bọ́ sínú ooru ìsàlẹ̀, wọ́n á sì wà á gòkè padà. Ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá tó wà ní Jos nígbà náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí kò bá tíì lọ sí Hawan Kibo kó bọ̀, a kì í di ẹrù sí i. Òtútù Jos máa ń tan ènìyàn jẹ, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Àìsàn tí ọkọ̀ fi pamọ́ lókè, ooru ìsàlẹ̀ ni yóò tú u fó.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó fi díẹ̀ jù mí lọ, la máa ń jókòó sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀. Ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Nísàlẹ̀ òkè, bàbá á ṣí i, wọ́n á máa tẹ́tí sí i. Àwa á jókòó sórí koríko, a ó máa jẹ másà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa. Kò sẹ́ni tó ń pè wá pé ká tètè wọ ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi yẹn nìkan ló ṣẹ́kù fún mi nínú gbogbo ọmọ bàbá wa. Ó padà sí Èkìtì nígbà tó fẹ̀yìn tì, èmi dúró sí Jos pẹ̀lú àwọn ọmọ mi. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó ní, "Àbúrò, má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́." Mo ní kí ọmọ mi ọkùnrin gbé mi lọ, nítorí orúnkún mi kò gba ìjókòó ọkọ̀ èrò mọ́.

Ọkọ̀ ọmọ mi ti ń ṣe ségesège. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, ó máa ń kú lójijì. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa ní Jenta Adamu, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Jos, tí Hausa rẹ̀ dán ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Ìyẹn fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan mú. Ó pààrọ̀ pọ́ọ̀mpù epo. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ọyẹ́ ń gé ènìyàn létí, ó wà á yí gbogbo àdúgbò Àpáta ní Jos ká. Ọkọ̀ ń lọ geere. Ó ní ká máa lọ.

A fi àdúrà sọ̀ kalẹ̀ Hawan Kibo, nítorí àwọn ajínigbé kò jẹ́ kí ọ̀nà yẹn jẹ́ ọ̀nà tí à ń ṣeré lórí rẹ̀ mọ́. A kò tíì dé Akwanga tí ọkọ̀ fi kú. A dúró títí ó fi tutù, ó ṣiṣẹ́. A rìn díẹ̀, ó tún kú. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́ fún yín. Àwọn awakọ̀ tó ń kọjá ń fọwọ́ júwe pé ká kúrò níbẹ̀. Ọmọ mi wò mí, ó ní, "Màmá, a ò lè sùn sójú ọ̀nà yìí." A ṣẹ́rí padà. Bí a ṣe ń gòkè wọ inú òtútù ni ọkọ̀ ń lágbára sí i, inú sì ń bí mi sí i bí ẹni pé ènìyàn ni.

Lọ́tẹ̀ yìí, mẹkáníìkì gbé e sínú oòrùn ọ̀sán, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ títí ó fi gbóná janjan. Ó kú. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ó kọ̀. Ọkùnrin náà bá da omi tútù sórí sẹ́ńsọ̀ kékeré kan nísàlẹ̀, èyí tó ń sọ fún ọkọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Wọ́n tún yí kọ́kọ́rọ́, ó dáhùn. Sẹ́ńsọ̀ yẹn ló ń dákẹ́ bó bá ti gbóná. Nínú òtútù Jos, ara rẹ̀ le koko.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ́kọ́ wà á lọ sí Hawan Kibo, bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe. Ó wolẹ̀. Ó ní, "Màmá, ta ló máa lọ síbẹ̀ báyìí torí kó lè dán ọkọ̀ wò? Mo ní ọmọ nílé. Sai hakuri, ẹ ní sùúrù." Bí mo ṣe ń sunkún náà ni mo ń ríran, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́.

Wọ́n wá sẹ́ńsọ̀ tòkúnbọ̀ kiri kí wọ́n tó rí i. Mẹkáníìkì ń dì í mọ́ ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ni fóònù mi dún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹkún kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ yẹn náà la gbé lọ sìnkú. Kò kú lọ́nà rárá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí. Ẹ ní kọ̀ǹpútà tó ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀, àwa kò ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ní ọ̀nà, a ń lọ, a ń bọ̀, ọkàn wa balẹ̀. Ẹ̀rù ti gba ọ̀nà yẹn lọ́wọ́ yín, ó sì dùn mí fún yín. Nígbà tí mo dé Èkìtì, wọ́n sọ fún mi pé títí tí ẹ̀gbọ́n mi fi dákẹ́, kò jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn iwájú, ó ní àbúrò òun wà lọ́nà. N kò sí lọ́nà. Jos ni mo wà.