Eérú Oòrùn

Ní àárọ̀ yìí, aládùúgbò wa kan ní Mówé tún dáná sun ààtàn, eérú sì fò wá sórí aṣọ funfun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Mo ń gbọ̀n ọ́n nù, mo ń ráhùn, nígbà tí Tèmi, ọmọ ọmọ mi, ń ka ìwé sáyẹ́ǹsì rẹ̀ sókè ní fàráńdà. Ohun tí ó kà ló mú kí aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Inú bí mi, ìbínú tó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ìfọ̀ ni mo gbé dàgbà. Ìyá Ṣifáwù ọ̀rẹ́ mi ń se ọṣẹ dúdú. Bí a bá ti ilé ìwé dé, àwa méjèèjì la máa ń kó eérú sínú ìkòkò tó lu nídìí, tí a ó bu omi lé e, kí omi eérú lè máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú agbada. Òórùn àdín gbígbóná a gba gbogbo agbo ilé, eérú a sì kùn wá lójú bí àtíkè. Ṣifáwù mọ eérú èèpo kòkó yàtọ̀ sí ti igi, ó kàn fọwọ́ kàn án ni.

Ìdí nìyí tí ó fi nawọ́ lọ́jọ́ tí olùkọ́ wa sọ pé oòrùn jẹ́ iná ńlá tó ń jó láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, eérú rẹ̀ ńkọ́?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò mọ̀ ọ́n, kò sì lè sọ pé òun kò mọ̀. Ó ní ọmọ ọlọ́ṣẹ fẹ́ fi òun ṣẹ̀sín. Nígbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ na ọmọ, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń ní kó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Èmi ni ó yàn. Mo sì dì í mú. Ẹgba méjìlá, Ṣifáwù kò sunkún, èmi ló tẹjú mọ́. Ìyá rẹ̀ ní kò sí ẹni tó ń na ọmọ òun nídìí ọṣẹ, ó sì yọ ọ́ kúrò nílé ìwé kó máa bá òun se ọṣẹ. Kí ọdún tó yí po, wọ́n kó kúrò ní Ìfọ̀. N kò rí i mọ́.

Ohun tí Tèmi kà ni pé oòrùn kì í jó bí igi. Nínú ikùn rẹ̀, ìwúwo òun fúnra rẹ̀ ń fún gáàsì tí wọ́n ń pè ní háídírójìn pọ̀ nínú ooru tó bùáyà, títí ẹyọ mẹ́rin rẹ̀ á fi para pọ̀ di ẹyọ hílíọ̀mù kan. Ẹyọ kan yìí fúyẹ́ díẹ̀ ju mẹ́rin náà lọ. Díẹ̀ tó dín yẹn ló ń di ìmọ́lẹ̀ àti ooru tí ń gbẹ aṣọ wa. Hílíọ̀mù a sì máa kó jọ sí àárín oòrùn, bí eérú nínú ààrò.

Bí eérú! Ó wà nínú ìwé bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ yẹn ti kú, n kò sì lè bínú sí òkú kó tẹ́ mi lọ́rùn. Ọwọ́ ara mi ni mò ń wò.

Oòrùn ìgbà náà ló ṣì ń ràn. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ti ju ẹgba nù, ṣùgbọ́n àgbà tí kò lè sọ pé òun kò mọ̀ kò tíì tán nílẹ̀.

Tèmi gbójú sókè. "Màmá, tí háídírójìn yẹn bá wá tán ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀," ni mo wí. "Bi tíṣà yín lọ́la. Tó bá mú ẹgba, wá pè mí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ tíṣà ni màá dì mú."