Afínjú Onídìrí Kó Àrùn Ẹ̀dọ̀

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: onídìrí àdúgbò wa máa ń fọ ọṣẹ kó tó fi ọṣẹ fọ nǹkan. Afínjú là ń pè é. Oníbàárà kankan ò gbọdọ̀ wọ bàtà dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dán débi pé eṣinṣin tó bá bà síbẹ̀ á yọ̀ ṣubú, á tún tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n tó bá dirun tán, abẹ kan ṣoṣo ló fi ń gé irun ẹ̀yìn ọrùn gbogbo ayé, tiẹ̀ náà mọ́ ọn. Áńkáṣíìfù ló fi ń nù ún láàárín orí kan sí èkejì. Funfun báláú!

Oyún ẹ̀ wà lóṣù mẹ́rin nígbà tí nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Èsì dé: kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ wà níbẹ̀.

"Èmi kọ́! Ẹ lọ wá ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ yẹn."

"Ẹ gbọ́ o, ìyá, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà ràn, kì í wojú afínjú. Ṣé ẹ̀ ń bá èèyàn lo abẹ pọ̀?"

"Mo máa ń nù ún!"

Nọ́ọ̀sì di orí mú. "Ọmọ ni ká rò báyìí. Tẹ́ ẹ bá ti bí i, ẹ jẹ́ ká gún un lábẹ́rẹ́ kí ọjọ́ kan tó pé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kòkòrò yìí lè bá a dàgbà. Kí ọkọ yín náà wá ṣàyẹ̀wò."

Kí ni Afínjú ṣe? Ó ya abọ́ ẹ̀ sọ́tọ̀, ó ń fọ̀ ọ́ ṣáá, ó ya ife, ó ní kí ọkọ òun má dì mọ́ òun mọ́. Ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa lápálàpá. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ, ó gbé e mì. Nígbà tóṣù ẹ̀ pé, ó sá lọ sílé ìgbẹ̀bí kékeré kan tí wọn kì í yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni wò.

Ibẹ̀ ló bímọ obìnrin sí láàárọ̀. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ìyá ọkọ ti dé, ó ń yin ìyàwó bí ẹni ń polówó ọjà.

Agbẹ̀bí mú bírò. "Kò sí àìsàn kankan lára ìyá, àbí?"

"Àìsàn kẹ̀?" ìyá ọkọ bá a dáhùn. "Ìyàwó mi yìí! Kòkòrò wo ló láyà?"

Ọmọ yán. Afínjú wo aago, ó wo ọmọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Àrùn ẹ̀dọ̀ wà lẹ́jẹ̀ mi. Wọ́n ní kí wọ́n gún ọmọ lábẹ́rẹ́ kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́."



"O sì jẹ́ kí n máa pariwo látìgbà tí mo ti dé?" Màmá ti ń fi aṣọ wé ọmọ. "Dìde, jàre! Agbẹ̀bí, ẹ bá wa pe takisí!"

Inú takisí ni Afínjú ti ròyìn gbogbo ẹ̀ fún un. Kó tó di aago mẹ́rin, abẹ́rẹ́ ti wọ itan ọmọ nílé ìwòsàn. Ó figbe ta.

"Ké dáadáa, ọmọ mi," ni Màmá wí. "Ìyá ẹ tó yẹ kó ti ké láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ṣe ló ń fọ abọ́."