Orí Wáyà Tí Ìyá Àgbà Tú Níta Gbangba

Èéfín léèdì gbígbóná tí a fi ń jó wáyà pọ̀ ṣì ń ta mí nímú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Bọ́ládé nígbà tí agbaṣẹ́ṣe kan dé, tó pe ìyá àgbà mi lólè.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni ìyá àgbà ń sín ní Ọ̀yọ́ kí wọ́n tó wá bá bàbá mi ní Èkó. Bàbá mi ń tún rédíò ṣe. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, gbogbo agbaṣẹ́ṣe ló fẹ́ máa fi rédíò bá àwọn awakọ̀ wọn sọ̀rọ̀. Orí irin tó so wáyà mọ́ ọ̀pá eríà rédíò wọn kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Wáyà àárín rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Ìka bàbá mi tóbi jù fún un, ni ìyá àgbà bá gbà á. Wọ́n á fi léèdì jó o, wọ́n á rọra fà á wò bí okùn ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á sì kìlọ̀ fún olóhun: "Òrùka ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ máa yí. Ẹ má yí wáyà o."

Agbaṣẹ́ṣe yìí, tí ìyá àgbà ti bá jó orí wáyà rẹ̀, ò kí wọn. Ó dúró síta, kò jókòó. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. "Ìwọ ìyá yìí, rédíò mi ti yadi. O ti pààrọ̀ ojúlówó orí wáyà mi. Olè ni ẹ́." Ojú gbogbo oníbàárà ló ti sọ ọ́. Títí di òní, mi ò tíì dárí ọ̀kan jì í nínú ẹ̀ṣẹ̀ wọ̀nyẹn.

Bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wọlé yẹ̀ ẹ́ wò."

"Wọlé kẹ̀?" ni ìyá àgbà wí. "Ìlẹ̀kẹ̀ tó bá já, ìṣojú olóhun la ti ń tú u. Ẹ gbé àga síta."

Wọ́n jókòó, wọ́n na rédíò sí awakọ̀ tó gbé agbaṣẹ́ṣe náà wá. "Ọmọ mi, tú orí wáyà yìí bí o ṣe máa ń tú u."

Awakọ̀ gbá wáyà mú, ó lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ.

Ìyá elépo pupa tó wà lódìkejì ní, "Ṣé ó fẹ́ sá a sóòrùn ni?"

Ìyá àgbà la ẹ̀yìn orí náà. Léèdì wọn ṣì dì pinpin. Wáyà ló já lọ́rùn, níbi tí awakọ̀ ti ń lọ́ ọ. Wọ́n gbé orí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti rédíò kejì tó wà nínú ọkọ̀ agbaṣẹ́ṣe, èyí tí a ò fọwọ́ kàn rí: àmì ilé iṣẹ́ kan náà ló wà lára méjèèjì. Ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ nǹkan kan.

Agbaṣẹ́ṣe fà wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rọhùn sílẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ìta lo ti pè mí lólè. Ìta ni kí o ti bẹ̀ mí."

Ó jáde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń kùn sínú.

"Gbóhùn sókè," ni ìyá elépo wí, "etí mi ti di."

Ó gbóhùn sókè.

Lónìí, mo ti kàwé jáde ní yunifásítì, àwọn ọ̀gá sì ti bú mi níwájú ìpàdé, kí wọ́n tó wá mi wá sí kọ̀rọ̀ láti bẹ̀bẹ̀. Mo máa ń dá wọn padà sínú ìpàdé náà. Wọ́n ní ìbínú mi pọ̀. Ó pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí wáyà ti já la ti ń so ó.