Àga Olóore Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Jókòó Lé

Bí irọ́ kan ṣoṣo bá wà nínú ìtàn yìí, kí ìka tí mo fi kọ ọ́ má di gègé mú mọ́. N kò jókòó ní kíláàsì rí, àmọ́ ọ̀mọ̀wé méje ló ti wá kọ́ òótọ́ sísọ lọ́dọ̀ mi.

Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni akápò ẹgbẹ́ olórin àdúgbò kan. Ogún ọdún ló fi ń lo fayolíìnì láàárín wọn, bó bá sì gbé e léjìká, òjò á dákẹ́ kó lè gbọ́. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣeré. Igbá ọrẹ ni wọ́n ń gbé kiri. Igbá kì í kún, owó tí wọ́n fi ń háyà gbọ̀ngàn eré kì í sì í dín.

Nígbà àkọ́kọ́ tí owó kò pé, akápò fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dí i. Ojú tì í láti kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé, ló bá kọ ọ́ pé, “Láti ọwọ́ olóore kan.” Bó ṣe di toṣooṣù nìyẹn. Inú ẹgbẹ́ dùn, wọ́n ya àga kan sọ́tọ̀ fún olóore níwájú, wọ́n fi aṣọ pupa bò ó.

Olórí wọn, oníbúrẹ́dì afunfèrè tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀rẹ̀kẹ́-Ò-Sinmi, sọ fún un pé, “Akápò, ẹ bá wa bẹ olóore. Ìlù ńlá ló kù tí a ò ní.”

“Ṣé ó gbin igi owó sẹ́yìnkùlé ni?”

“Ẹni tó ń fúnni láìdárúkọ, owó ti sú u ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ra ìlù. Owó gbọ̀ngàn ló bá a lọ. Onígbọ̀ngàn ní òun á ti ilẹ̀kùn pa. Lọ́jọ́ kejì, ọrẹ olóore tún dé.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó akápò gbé àpótí fayolíìnì kó lè gbálẹ̀. “Bàbá ọmọ mi, àpótí yìí mà fúyẹ́.”

“Eegun àgbà náà ń fúyẹ́.”

Akápò sọ fún ẹgbẹ́ pé ìka ń ro òun, òun ò ní lè bá wọn ṣeré. Lọ́jọ́ eré, gbọ̀ngàn kún, kò ríbi jókòó. Ó sún mọ́ àga aláṣọ pupa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́-Ò-Sinmi rọra di apá rẹ̀ mú.

“Akápò, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àga yẹn ní ẹni tó ni ín.”

“Mo mọ̀.”

Ìdúró ló wà títí eré fi parí.

Kò lo oṣù méjì sí i láyé. Olóore kò sì rán nǹkan mọ́.

“Ó ti gbàgbé wa,” ni oníbúrẹ́dì wí, kó tó di pé opó akápò gbé àpótí òfìfo wá. Rìsíìtì ẹni tó ra fayolíìnì wà nínú rẹ̀: iye kan náà, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ọrẹ olóore tó kẹ́yìn.

Onígbọ̀ngàn ti ilẹ̀kùn pa lóòótọ́. Ẹni bá ń ṣiyèméjì, kó lọ bi Ẹ̀rẹ̀kẹ́-Ò-Sinmi, ó ṣì wà láàyè. Àga náà wà ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì rẹ̀, ìdúró ni òun fúnra rẹ̀ sì ń tajà.