Rọ́bà Líle Abẹ́ Ọkọ̀ Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ yọ rọ́bà rírọ̀ abẹ́ ọkọ̀ yín, kí ẹ fi líle sí i, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ta ni yóò máa jókòó sínú ọkọ̀ náà. Èmi ò bi ara mi ní nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ló sọ ọ́, ohun tí Ẹ̀gbọ́n bá sì sọ nígbà yẹn ni abẹ gé.

Kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Òun ni olórí ìpàdé àdúrà tí à ń ṣe láti ilé dé ilé ní kílóòsì wa, òpópónà kékeré tí à ń gbé ní Fẹ́sítáàkì, iṣẹ́ ọkọ̀ ríra àti ọkọ̀ títà ló sì ń ṣe. Nígbà tí ìyá mi kú, òun ló dúró tì mí títí a fi sin wọ́n. Mo máa ń fi “wọ́n” bọ̀wọ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọwọ́ gbogbo èèyàn ni mo ra ọkọ̀ náà. Tòkunbọ̀ ni, ọkọ̀ eré, onílẹ̀kùn méjì, ó pupa fòò. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní mò ń ṣe fáàrí. Mò ń ṣe fáàrí lóòótọ́, ta ló bi wọ́n? Ṣùgbọ́n bàbá mi ni mo fẹ́ràn láti máa fi gbé jù.

Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìbàdí sì ń dùn wọ́n gan-an. Láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ, wọn kì í sọ̀rọ̀ nílé. Wọ́n á ka ìwé ìròyìn, wọ́n á jẹun, wọ́n á wọ yàrá lọ. Àmọ́ tá a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè, tí mo bá ń rọra wa ọkọ̀ yí àwọn títì àfẹ́níù ká, ọ̀rọ̀ á máa jáde. Wọ́n á fi ibi tí ìyá mi ti máa ń dúró de bọ́ọ̀sì ọ́fíìsì hàn mí. Wọ́n á sọ bí omi ẹ̀rọ ṣe ń yọ nígbà tí ẹ́sítéètì ṣì tuntun. Inú ọkọ̀ yẹn nìkan ni mo ti ń gbọ́ ohùn bàbá mi.

Lọ́jọ́ kan Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ mi, ó mi orí. Ó ní, “Búṣìn ẹ ti kú, àbúrò.” Búṣìn ni àwọn rọ́bà kéékèèké tó wà láàárín irin àti irin lábẹ́ ọkọ̀, tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa gbá ara wọn. Ó ní ọkọ̀ eré kì í jókòó lórí rọ́bà rírọ̀. A jọ lọ sí ọjà Tíréèdì Féà, ó bá mi ṣa àwọn tuntun, wọ́n le bí ẹsẹ̀ màlúù tí kò jinná. Mẹkáníìkì rẹ̀ ní Àmúwò ló bá wa dè wọ́n mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n kó àwọn ti tẹ́lẹ̀, ó ní òun á bá mi dà wọ́n nù.

Mi ò ní parọ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn. Lójú títì tó tẹ́jú, bí mo bá ṣe ń yí ìtọ́kọ̀ ni ọkọ̀ ń yí, kò gbọ̀n rárá. Ẹni tí ojú títì rẹ̀ rí báyẹn, kó lọ ṣe é. Fẹ́sítáàkì là ń gbé ní tiwa. Ní Sọ́ńdè, ní kòtò àkọ́kọ́, bàbá mi di ilẹ̀kùn mú. Ní ìkejì, wọ́n pe Jésù. Wọn ò sọ ìtàn kankan. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n máa lọ, àwọn á máa fẹsẹ̀ rìn, pé dókítà ló ní kí wọ́n máa rìn. Kò sí dókítà tó sọ bẹ́ẹ̀.

Mo sáré lọ bá Ẹ̀gbọ́n. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dá rọ́bà àtijọ́ padà.”

“Mo ti dà á nù. Fún un láyè, ó máa rọ̀.”

Kò rọ̀. Ló bá yí ohùn padà. “Àbúrò, ọkọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹni tó ń gbé àgbàlagbà. Tà á fún mi, màá bá ẹ wá èyí tó máa tu Dádì lára.” Mo tà á fún un, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi ṣá, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́!

Èyí tó bá mi wá, ilé mẹkáníìkì ló sábà máa ń sùn. Ẹ̀gbọ́n gbé ọkọ̀ pupa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdúpẹ́, Pásítọ̀ da òróró sí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti dà á sí nígbà tèmi, gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é. Lẹ́yìn ìsìn, Ẹ̀gbọ́n ní kí n wọ ọkọ̀ náà, ká jọ yí po. A gba inú kòtò, ara mi ò gbọ̀n.

Mo ní, “Kí lẹ ṣe sí i?”

“Rọ́bà ẹ àtijọ́ náà ni mo dá padà. Kò sóhun tó ṣe é.” Ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ ní ó ti kú. Ẹ ní ẹ ti dà á nù.”

“Ṣé torí rọ́bà la máa fi jà? Ọkọ̀ yìí ti wù mí láti ọjọ́ tó o ti gbé e dé.”

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo fi ìbínú gbá ilẹ̀kùn pa. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ilé àdúrà ni tèmi ń gbé. Mi ò lè sọ fún bàbá mi, ojú tì mí.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ọkọ̀ mi tún ti kú, Ẹ̀gbọ́n sì ní òun á gbé Dádì délé. Mo fẹsẹ̀ rìn, mo dé ilé, wọn ò tíì dé. Ó pẹ́ gan-an kí bàbá mi tó wọlé, ojú wọn ń dán.

“Ọmọ dáadáa ni,” wọ́n ní. “Ó gbé mi yí gbogbo àfẹ́níù ká. Mo sọ fún un bí mo ṣe pàdé ìyá ẹ, a rẹ́rìn-ín títí.”

Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí láyé mi.

Mo ní, “Dádì, ẹ sọ fún èmi náà.”

Wọ́n ń bọ́ bàtà. “Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n ẹ á sọ ọ́ fún ẹ.”