Ohun Tó Ń Gbé Abẹ́ Rélùwéè

Àwọn tó ń ka ìtàn ẹ̀rù tí mo ń kọ máa ń bi mí pé níbo ni mo ti ń rí i. Òórùn gírísì ojú irin ni. Bó bá ti gba ojú fèrèsé wọlé báyìí, mo ti padà sí Ìjọra Badia tí mo dàgbà sí nìyẹn.

Màmá mi ti kìlọ̀ fún mi pé nǹkan kan ń gbé abẹ́ rélùwéè akẹ́rù, ohùn ìyá ọmọ ló fi ń pe ọmọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà lábẹ́ ọ̀kan tó dúró, mò ń ṣa ẹ̀pà tó dà sílẹ̀.

“Àjọkẹ́!”

Ohùn Màmá gan-an ni. Mi ò jẹ́. Mo fò jáde, mo sá lọ sílé. Rélùwéè dún gbàà lẹ́yìn mi, ó gbéra.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni Màmá ti bá mi, ó ń mí hẹlẹ, gírísì ojú irin wà lára ìró rẹ̀.

“Màmá, ó pè mí. Mi ò dá a lóhùn.”

“O ṣeun, ọmọ mi. O ṣeun.”

Mo ti di abiyamọ kí n tó gbọ́ pé mo ní ẹ̀gbọ́n kan rí, abẹ́ rélùwéè yẹn ló kú sí.

Ọmọ mi bi mí lánàá pé, “Màmi, ṣé nǹkan abẹ́ rélùwéè tí ẹ sọ fún mi yẹn ṣì wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀ dáadáa,” ni mo wí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá nínú mi.